Fóònù Méjì Lábẹ́ Orúkọ Kan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ẹnu ọmọ aráyé ṣe rí, kó lọ bi Eléyín. Bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò nìyẹn, nítorí eyín ló ń ṣe. Kì í ṣe dókítà o. Dókítà wà níwájú, nínú yàrá tó mọ́ tónítóní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ńlá tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yìn ni Eléyín wà, nínú yàrá kótópó tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, òun àti pílásítà, òun àti ìda, òun àti ààrò kékeré kan tó ń kùn bí ológbò tó yó. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí wọ́n to eyín oríṣiríṣi mọ́, láti orí èyí tó funfun bí òwú dé orí èyí tó pọ́n bí eyín ẹni tó ti fi ọgọ́ta ọdún mu tíì. Kó tó mọ eyín fún ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹnu onítọ̀hún, iwájú, ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀, kí àwọ̀ eyín tuntun lè bá ti àtijọ́ mu. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ṣe é. Ẹnu tó wà nínú fóònù rẹ̀ pọ̀ ju ẹnu tó wà lọ́jà lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ́ kò ju ìmẹ́lẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Ó ra fóònù tuntun fún ara rẹ̀, ó sì fẹ́ fi èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ. Ó yẹ kó yọ orúkọ tirẹ̀ kúrò níbẹ̀, kó ṣí àkáǹtì mìíràn fún ìyá. Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Fóònù béèrè ọjọ́ ìbí, ó béèrè páásìwọ́ọ̀dù, ó béèrè orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí ìyá kọ́kọ́ lọ, ìyá sì ń fi ìtàn dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìtàn ilé ẹ̀kọ́ dé orí olùkọ́ kan tó máa ń sùn ní kíláàsì tí àwọn ọmọ á sì rọra jáde lọ ṣeré, ọ̀rọ̀ sú Eléyín.

"Màmá, ẹ ṣì máa lò ó báyìí ná. Màá wá tún un ṣe lọ́la."

Ọ̀la yẹn di ọdún márùn-ún.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe Eléyín, fóònù méjèèjì ló ń dún, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá yá ló ń gbé e. Ọwọ́ ìyá sì máa ń yá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọsibítù kó tó fẹ̀yìn tì, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. "Ọmọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́," á wí fún aláìsàn. "Eyín òkè ni àbí tìsàlẹ̀? Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé o ń lè jẹ nǹkan?" Kí Eléyín tó mọ̀ pé ẹnì kan ń wá òun, ìyá á ti gbọ́ ìtàn àìsàn onítọ̀hún tán, á sì ti bá a ṣe àmín.

Fọ́tò wọn náà dàpọ̀. Bí Eléyín bá ń wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnì kan, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí, tàbí àjà ilé, tàbí ìdajì ojú ọ̀rẹ́ ìyá kan tó dijú. Ìyá pẹ̀lú ń rí tirẹ̀. "Ọkọ mi," á wí fún ọmọ rẹ̀, "obìnrin tó ku eyín kan ṣoṣo lókè yẹn, ṣé wọ́n ti bá a ṣe nǹkan sí i? Mo ti ń gbàdúrà fún un láti ọjọ́ Ẹtì." Lọ́jọ́ kan tí Eléyín wà nínú ìsọ̀ aláago, ó ya fọ́tò aago ọwọ́ kan tó fẹ́ rà fún ìyàwó rẹ̀. Kò tíì jáde nínú ìsọ̀ náà tí fóònù fi dún.

"Èyí tó dà bí wúrà yẹn ò ní bá ọwọ́ ìyàwó mi mu," ni ìyá wí. "Mú èyí tó dà bí fàdákà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ó mú onífàdákà. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn sí i púpọ̀, Eléyín sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀. Kódà orúkọ ìyàwó nínú fóònù kò dúró bó ṣe wà. "Ìyàwó Mi" ni Eléyín kọ. Ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá "Ìyàwó Wa".

Ohun kan ṣoṣo tó ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́. Ó dá a lójú pé òun ti ti ọ̀nà yẹn pa lọ́jọ́ tí òun fún ìyá ní fóònù. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ìyá kò mẹ́nu bà á rí, bẹ́ẹ̀ ìyá kì í rí nǹkan kó má sọ.

Ní ọjọ́rú kan, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ ti pa, ìyàwó Eléyín wọlé láìbọ́ bàtà, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká. Olùkọ́ ìṣirò ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í sì í fi ìṣirò sílẹ̀ láìpé.

"Ta ló sọ fún Màmá pé orí ń fọ́ mi?"

"Orí ń fọ́ ẹ?" ni Eléyín bi í.

"Ẹ má fi ìbéèrè dá mi lóhùn. Inú kíláàsì ni mo wà tí mo kọ ọ́ sí yín. Ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ọ́ sí. Kí n tó dé ẹnu géètì, Màmá ti pè mí. Wọ́n ní, 'Ìyàwó mi, orí fífọ́ yẹn ńkọ́, ṣé o ti lo nǹkan sí i?'"

"Bóyá èmi ni mo sọ fún wọn."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ pé orí ń fọ́ mi títí di ìsinsìnyí?"

Ìyàwó rẹ̀ rọra jókòó sórí apá àga, ó ń wo ilẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tó bá ń ka iye. "Ọdún márùn-ún," ló wí. "Gbogbo ohun tí mo ti kọ sí yín láti ọdún márùn-ún. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí mi. Àti ìgbà tí inú bí mi yẹn." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé Màmá ò rí ìyẹn o."

"Èwo?"

"Ẹ mọ èyí tí mò ń wí."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò mọ̀ ọ́n. Ó ti gbàgbé.

"Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí Màmá kúrò nínú fóònù yín," ni ìyàwó wí bó ṣe ń dìde. "Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, èmi ni màá kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo bá fẹ́ bá ọkọ mi sọ, màá máa kọ ọ́ sójú pátákó kí gbogbo kíláàsì kà á."

Bí Eléyín ṣe há nìyẹn. Ọwọ́ kan kò ṣeé gé, ìkejì kò ṣeé gé. Ó lọ bá oníṣẹ́ fóònù tó wà lójú títì, ó ra fóònù tuntun fún ìyá, ọkùnrin náà sì là á lọ́yẹ. Kó ṣí àkáǹtì fún ìyá lórí tuntun. Kó gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó yan ẹrù tó jẹ́ ti ìyá, kí wọ́n kó o kọjá. Kó má gbé ọ̀kankan kúrò títí yóò fi parí. Lẹ́yìn náà kó yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò lórí ti àtijọ́, gbogbo ohun tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ á sì pa rẹ́. "Ẹ má lọ síbì kankan o," ni oníṣẹ́ fóònù fi kún un. "Á máa béèrè àtàǹpàkò yín látìgbà dégbà. Bí kò bá rí yín, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé ló lọ. Òpópónà mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé ìyá. Yàrá kan ni ìyá ń dá gbé ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta, yàrá tó lọ sílẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan lèèyàn ń rí lójú fèrèsé. Ibùsùn wà níbẹ̀, àti tábìlì kan, àti pátákó ìlọṣọ tí wọn kì í ká kúrò nílẹ̀.

"Àkáǹtì tuntun?" ni ìyá wí nígbà tó gbọ́ ohun tó bá wá. "Kí ni èyí tí mo wà nínú rẹ̀ ṣe?"

"Tèmi ni, Màmá."

"Kí ló burú níbẹ̀? Inú tèmi lo gbé fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko. Mi ò ní kó o lọ ṣí tìrẹ."

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu Eléyín, ó gbé e mì. "Ẹ wo ẹ̀yìn fóònù yìí. Bátìrì rẹ̀ ti wú, ó ti ń ṣí bí ìwé tó bọ́ sómi. Á gbiná lọ́jọ́ kan."

"Bó bá gbóná, mo máa ń gbé e sórí táìlì kó tutù."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá wò ó dáadáa. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ojú rẹ̀ kò sì tíì fi í sílẹ̀. "Ìyàwó mi ló rán ọ."

"Èmi ni mo rán ara mi."

"Ó dáa," ni ìyá wí. Ó fa apẹ̀rẹ̀ aṣọ kan mọ́ra, ó jókòó sétí ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí ká táwẹ̀lì bí ó ṣe ń ká a nígbà iṣẹ́, igun dé igun, kò sí èyí tó fi ìka kan ju èkejì lọ. "Máa ṣe é. Ojú lèmi ní."

Wọ́n ṣí àkáǹtì. Lọ́tẹ̀ yìí ìyá kò sọ ìtàn kankan. Ohun tí fóònù bá béèrè, á dáhùn ún ní gbólóhùn kan, á sì padà sórí táwẹ̀lì. Eléyín tẹ́ fóònù méjèèjì sórí tábìlì, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n ka ẹrù tó wà nílẹ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni tuntun wí.

Wákàtí méjì nínú yàrá yẹn. Kò lè jáde lọ gba atẹ́gùn. Bó bá fẹ́ dìde, fóònù á ní kó gbé àtàǹpàkò wá. Bàtà ń kọjá lójú fèrèsé: bàtà aláwọ̀ dúdú, bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ ajá. Ó ń ya fọ́tò sọ́tọ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ síhìn-ín, ẹnu sọ́hùn-ún. Nígbà tó dé orí àtẹ̀jíṣẹ́, ó ṣí i, ó ní òun fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá.

Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ó ti ọ̀nà kan pa lóòótọ́ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ó gbàgbé èkejì, èyí tó ń gba inú àkáǹtì kọjá. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ kọ sí i, ohun tí òun kọ padà, wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ. Lókè pátápátá, ààyè kan wà fún àwọn tí ìyá dìídì fi pamọ́ sórí fóònù tirẹ̀, èyí tí fóònù máa ń fi ìràwọ̀ kékeré sí. Mẹ́rin péré ni. Ọ̀kan jẹ́ àdúrà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ tí yóò padà lọ yẹ ojú wò. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe. Ẹ̀kẹrin ti pé ọdún mẹ́ta. Ìyàwó Eléyín ló kọ́kọ́ kọ̀wé:

"Màmá tún wọlé lónìí láìkànkùn. Inú balùwẹ̀ ni mo wà. Kí n tó jáde, wọ́n ti tún kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná mi tò látòkè délẹ̀. Mi ò lè mí mọ́ nínú ilé yìí. Àbí ilé ta ni?"

Èsì Eléyín wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì yẹn ni ìràwọ̀ wà:

"Fara dà á. Ọjọ́ mélòó ló kù fún wọn láyé? Wọn ò ní wà títí."

Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Eléyín ka gbólóhùn mẹ́ta yẹn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ó wá ọjọ́ náà títí, ó rántí. Aláìsàn kan ló wà níwájú rẹ̀, pílásítà ń gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ èsì náà kí ìyàwó lè dákẹ́. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ohun mìíràn tún yọ sí i lọ́kàn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn yẹn ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí pè kó tó wá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò wá mọ́. Ó ní orúnkún ń dun òun. Eléyín ra òróró ìpara fún un.

Nígbà tó gbójú sókè, ìyá ti dá aṣọ kíká dúró.

"O ti débẹ̀," ni ìyá wí.

"Màmá..."

"Má gbé fóònù yẹn. Ìwọ lo ní a ò gbọ́dọ̀ gbé e."

Ó fi ọwọ́ sílẹ̀. "Ẹ ò sọ fún mi."

"Kí n sọ kí ni? Pé mo gbọ́ ohun tí wọn ò bá mi sọ? Ẹni tó bá yọjú wo ilé onílé, ohun tójú rẹ̀ bá rí, kó gbé e mì."

"Kì í ṣe bó ṣe wà lọ́kàn mi nìyẹn."

"Báwo ló ṣe wà lọ́kàn rẹ?"

Kò sí ìbínú nínú ìbéèrè náà, ìyẹn ló mú un le. Ìyá fẹ́ mọ̀ ni. Fóònù béèrè àtàǹpàkò rẹ̀. Ó gbé àtàǹpàkò sí i.

"Ti ìyàwó mi ò dùn mí," ni ìyá wí. "Òótọ́ ló sọ. Mo tún kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ tò. Ó kó ọṣẹ mọ́ iyọ̀, ara mi ò gbà á. Èmi náà wí jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyá bàbá rẹ, mo kàn dúpẹ́ pé kò sí fóònù nígbà náà. Obìnrin tí wọ́n bá ká mọ́ balùwẹ̀ nílé ara rẹ̀, kí ni kó ṣe, kó máa kọrin?" Ó na táwẹ̀lì kan, ó tún un ká. "Tìrẹ ni mo fi pamọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́, Màmá? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pa á rẹ́?"

"Kí n má baà gbàgbé àtimáa kànkùn."

Ẹsẹ̀ méjì dúró lójú fèrèsé, wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Eléyín fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín tábìlì àti ibùsùn kò gba àgbàlagbà tó nà tán. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lórí tábìlì nítorí fóònù.

"Dìde," ni ìyá wí. "Òkúta nilẹ̀ yìí." Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí lónìí? Nígbà tí mi ò wọlé yín mọ́, ibẹ̀ yẹn ni mo ti ń gbọ́ yín. Mo mọ̀ bí gáàsì bá tán. Mo mọ ọjọ́ tí ọmọ kékeré ṣe ipò kejì, mo jó níhìn-ín, ẹnikẹ́ni ò rí mi. Bẹ́ ẹ bá jà, mo mọ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ ẹ bá parí rẹ̀. Mi ò dá sí i rí. Ti orí fífọ́ yẹn nìkan ló bọ́ lẹ́nu mi. Ìró ilé ni mo kàn ń gbọ́, bí ẹni tó jókòó sí palọ tí wọ́n ń ṣe nǹkan ní kíṣìnì."

"Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀," ni Eléyín wí. "Màá dá a dúró nísinsìnyí. Ká jọ máa wà níbẹ̀ bá a ṣe wà."

"Kí ìyàwó mi máa bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú adájọ́? Rárá o. Parí iṣẹ́ rẹ. Ohun kan ni mo fẹ́ kó o ṣe fún mi. Má sọ fún un pé mo rí i."

"Ó máa bi mí."

"Á bi ọ́. Sọ fún un pé mi ò rí i. Bí o bá sọ fún un, kò ní lè gbé ojú sókè wò mí mọ́ láyé, èmi náà á sì di ẹni tí wọ́n ń ṣàánú. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Fóònù ní kí ó yan àtẹ̀jíṣẹ́ tí yóò kọjá. Ó fi àmì sí àdúrà. Ó fi sí ọjọ́ ojú. Ó fi sí nọ́ńbà oníṣẹ́ omi. Ó fo ẹ̀kẹrin, ó sì ń sáré lọ síbi tí wọ́n kọ "Ó parí" sí.

"O fo ọ̀kan," ni ìyá wí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí ìyẹn kú sínú ti àtijọ́."

"Àbí kì í ṣe ẹrù mi ni? Ṣé ìwọ lo máa yan èyí tí màá rántí fún mi?"

Ó fi àmì sí i. Ìlà kékeré kan ń gùn lọ lójú fóònù méjèèjì, láti ti àtijọ́ sí tuntun, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú, títí ọ̀rọ̀ tó fi ìka ara rẹ̀ kọ fi dé inú fóònù tó fi owó ara rẹ̀ rà. Lẹ́yìn náà, ti àtijọ́ bi í bóyá ó dá a lójú pé kí ohun gbogbo tó ṣẹ́ kù pa rẹ́. Ìka rẹ̀ dúró lókè gíláàsì.

"Tẹ̀ ẹ́," ni ìyá wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú fóònù funfun, ó dúdú, ó padà wá kí wọn "Ẹ kú àbọ̀" bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà kó tó dé. Àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì wà ní yàrá, wọ́n ń jà nítorí ìyarun.

"Ó parí?"

"Ó parí."

"Ṣé wọ́n rí i?"

Eléyín bọ́ bàtà kan, ó bọ́ èkejì. "Wọn ò rí nǹkan kan. Ti orí fífọ́ yẹn nìkan ló ṣèèṣì yọ."

Ìyàwó mí kanlẹ̀. Ó di mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. "Ẹ ò mọ bí mo ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri láti ọjọ́rú. Ẹrù ti bọ́ lórí mi." Eléyín fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó ń wo ògiri. Ó mọ ẹni tí ẹrù náà kù sí lọ́wọ́.

Fóònù rẹ̀ wá dákẹ́. Ẹnu nìkan ló kù nínú fọ́tò rẹ̀. Bí aláìsàn bá pè, òun náà ló ń gbé e. Ohun tó ti ń fẹ́ láti ọdún márùn-ún nìyí, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá ya fọ́tò, etí rẹ̀ á máa dúró de ohùn kan tí kò ní wá. Ìyá ń pè ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, á béèrè ohun tó ti máa ń mọ̀ láìbéèrè. Ṣé gáàsì ò tíì tán? Ipò wo ni ọmọ kékeré ṣe? Eléyín á dáhùn, á sì máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin.

Bí ọkàn ìyàwó rẹ̀ ṣe fúyẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ sí ránṣẹ́ sí Màmá. Ó ní kò dáa kí àgbà máa dá jókòó lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá sọ ti orúnkún lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó rán àwọn ọmọ lọ mú un wá. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn ọmọ já wọlé lọ, wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ìyá dúró síta. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn tó ti ṣí, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ah-ah, Màmá!" Ìyàwó sáré jáde láti ìdáná, ó ń nu ọwọ́. "Ta lẹ ń kànkùn fún? Ṣé ilé yín kọ́ nìyí ni? Ẹ gbọ́ mi lẹ́nu o, Dádì àwọn ọmọ, Màmá ń kànkùn!"

Eléyín wà lórí àga. Ìyá wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ìwò lásán, bí èèyàn ṣe ń wo aago. Ìyàwó yíjú sí Eléyín, ó ń dúró kó sọ̀rọ̀.

"Ẹ wọlé, Màmá," ló wí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, eyín tí Eléyín ṣe fún ìyá rẹ̀ nígbà kan bẹ̀rẹ̀ sí mì lẹ́nu, nítorí èrìgì àgbà máa ń súnkì. Ó wá sí yàrá ẹ̀yìn níbi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ kí wọ́n gba àpẹẹrẹ tuntun. Eléyín fi aṣọ funfun bò ó láyà. Ó po ìyẹ̀fun mọ́ omi, ó dà á sínú àwo kékeré tó rí bí pátákò ẹṣin, ó fi sí ìyá lẹ́nu, ó sì fi ìka méjì dì í mú lágbọ̀n. Ó di ìgbà tí ìyẹ̀fun bá dì, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, kó tó ṣeé yọ. Ìyá ń fi imú mí, ojú rẹ̀ wà lára ojú ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Dókítà ti lọ jẹun.

"Màmá," ni Eléyín wí, "ẹ forí jì mí. Mi ò ro ohun tí mo kọ. Inú kò bí mi sí yín, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ kú. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n ṣiṣẹ́ mi. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀, mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń rántí rẹ̀. Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún."

Ìyá kò mi orí. Kò lè mì í, ọmọ rẹ̀ ló di àgbọ̀n rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ funfun, kò jáde. Eléyín ka ìṣẹ́jú mẹ́rin pé, ó tún fi ìdajì ìṣẹ́jú kún un nítorí ẹ̀rù, kó tó rọra yọ àwo náà. Ó jáde dáadáa, gbogbo èrìgì hàn nínú rẹ̀ láìkù síbì kan. Ó bu omi fún ìyá. Ìyá fi yọ ẹnu, ó tu ú, ó fi igun aṣọ nu ètè.

"Ìyẹ̀fun tó o lò yìí dùn ju ti ìjelòó lọ," ni ìyá wí. "Èyí ń ta sánsán bí ewé míńtì."

"Wọ́n ti pààrọ̀ ẹni tó ń kó o wá fún wa."

"Ìgbà wo ló máa ṣetán?"

"Ọjọ́bọ̀, Màmá. Ẹ wá nígbàkúùgbà tó bá wù yín."

Ìyá dìde, ó ká aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó láyà, igun dé igun, ó gbé e lé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó eyín. Ó mú báàgì rẹ̀.

"Màá kọ́kọ́ pè," ló wí, ó sì jáde.